Ilé alámọ̀ ẹbí lẹ fẹ́ tún ṣe? Ẹ wá ibi tómi ń gbà ná

Ilé tí mò ń sọ yìí, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, páànù tó ti dógùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, fèrèsé onípákó, balùwẹ̀ àti ṣálángá lẹ́yìnkùlé. Ó pọ̀ n'Íbàdàn, ó pọ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, ní Iléṣà, l'Ábẹ́òkúta, ní Ìjẹ̀bú, owó kòkó ni wọ́n sì fi kọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀. Tí ọdún Iléyá tàbí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, ẹnì kan á fowó ránṣẹ́ láti Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n bá òun tún ilé bàbá ṣe, nǹkan tí wọ́n á kọ́kọ́ rà ni ọ̀dà, táìlì ló máa tẹ̀ lé e, nígbà tójò bá fi máa rọ̀ dáadáa lọ́dún kejì pílásítà á ti máa já bọ́ tòun tọ̀dà lára, ìjà á wá bẹ̀rẹ̀ pé bíríkìlà ló jí sìmẹ́ńtì. Ó lè jí i lóòótọ́ o, mi ò gbèjà ẹnì kankan. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà omi ni. Omi ló ń pa ilé amọ̀, tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tó ń gbà wọlé àti ibi tó yẹ kó máa gbà jáde, ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó kù, owó tẹ́ ẹ máa ná ò sì ní tó ti ẹni tó kàn ń kun ọ̀dà lé ọ̀dà.

Kẹ́ ẹ tó fi hámà kan ògiri kankan, ẹ bá ẹbí sọ̀rọ̀. Ilé ẹbí ni, yàrá tẹ́ ẹ rò pé ó ṣófo lè jẹ́ ti ọmọ ìyá kejì tí kì í wálé, ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn, ẹ fi sórí WhatsApp ẹbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fèsì síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà yí padà tó bá dọ̀la. Ẹ sì bi àwọn àgbà léèrè ibi tí wọ́n sin àwọn tó ti lọ sí, torí láyé àtijọ́ inú ilé ni wọ́n ń sin èèyàn sí, ojú oórì ẹlòmíì wà lábẹ́ ilẹ̀ yàrá tẹ́ ẹ fẹ́ gbẹ́ yẹn, àmì ò sì sí lórí ẹ̀ mọ́. Ẹ béèrè kànga àti ṣálángá tí wọ́n ti dí pa pẹ̀lú. Wọ́n lè ti to pákó sẹ́nu ẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré fẹ́lẹ́ lé e, pákó yẹn á ti jẹrà tipẹ́. Ẹ fi igi kan ilẹ̀ káàkiri lẹ́yìnkùlé, ibi tó bá ń dún bíi pé inú ẹ̀ ṣófo, ẹ má jẹ́ kí tírélà yanrìn gun ibẹ̀, ẹ má sì gbé tánkì omi ka ibẹ̀.

Àsìkò òjò lẹ máa fi wo ilé, ẹ̀ẹ̀rùn lẹ máa fi ṣiṣẹ́. Ẹ yan ọjọ́ tójò ńlá ń rọ̀, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì àti tọ́ọ̀ṣì, ẹ yí ilé po nínú lóde. Àbàwọ́n tó bá ń ṣàn wálẹ̀ látòkè, òrùlé ni. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀ tó gùn dé orúnkún tàbí ìbàdí, tó sì dọ́gba lọ lára ògiri, omi ilẹ̀ ni ògiri ń fà mu. Èyí tó bá dá wà lójú kan láàárín ògiri tí kì í gbẹ kódà nínú ọyẹ́, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀, páìpù ló ń jò níbẹ̀ tàbí balùwẹ̀ ló wà lódìkejì. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀tù funfun tó hù lójú ògiri, iyọ̀ ni, omi ló gbé e látinú ilẹ̀, nígbà tómi gbẹ ó fi iyọ̀ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sin ewúrẹ́ ẹ ò tiẹ̀ nílò kẹ́ ẹ wá a kiri, wọ́n á ti máa lá ibẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo ẹ̀ ká, ẹ kọ déètì sí i, ẹ ya fọ́tò, torí tó bá di oṣù kejìlá tí gbogbo ẹ̀ ti gbẹ, ẹ ò ní rántí mọ́.

Òrùlé ló ṣáájú. Ẹ gun inú àjà lọ́sàn-án gangan, ẹ ní kí wọ́n ti gbogbo fèrèsé, ihò tó bá wà lára páànù á máa mọ́lẹ̀ lójú yín. Ìdí ìṣó ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń jò. Ìṣó á ti yọ sókè díẹ̀, nǹkan tí wọ́n fi dí ìdí ẹ̀ á ti gbẹ dànù. Ẹ yọ irú ìṣó bẹ́ẹ̀, ẹ fi èyí tó nípọn jù ú lọ tó ní wáṣà rọ́bà sípò ẹ̀, orí ibi tó ga lára páànù lẹ máa kàn án sí o, kì í ṣe inú kòtò tómi ń gbà kọjá. Ihò kéékèèké, ẹ ha dógùn-ún ẹ̀ kúrò, ẹ kun bítúmẹ́ẹ̀nì (ọ̀dà dúdú tí kì í jẹ́ kómi wọlé), ẹ tẹ́ aṣọ tàbí félítì lé e, ẹ tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn á gbà yín fúngbà díẹ̀ kẹ́ ẹ fi wá owó. Tí dógùn-ún bá ti jẹ gbogbo páànù, kò sí ọgbọ́n míì ju kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Long span (páànù gígùn) àlùmíníọ́ọ̀mù 0.45mm tàbí 0.55mm ni ọ̀pọ̀ ń lò, ẹ mú ohun tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn páànù dání lọ sọ́jà o, torí àwọn kan wà tí wọ́n á ta 0.40 fún yín ní 0.45, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n.

Kẹ́ ẹ tó kan páànù tuntun, ẹ fi súkúrúdíráfà gún igi òrùlé níkọ̀ọ̀kan, pàápàá ibi tó ti gúnlẹ̀ sórí ògiri. Ibi tó bá wọlé wẹ́rẹ́, ikán ti jẹ inú ẹ̀ tán. Ìrókò àti apá, ikán kì í sábà rí tiwọn rò, afárá ni wọ́n ń jẹ bó ṣe wù wọ́n. Tó bá jẹ́ afárá lagbára yín ká, kò burú, ẹ fi Solignum, oògùn tí ikán kì í fẹ́ lára igi, kùn ún kó mu ún dáadáa, kẹ́ ẹ má sì gbàgbé ojú ibi tẹ́ ẹ gé, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé. Àwọn kan ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ti dúdú kùn ún torí pé ọ̀fẹ́ ni, ó ń rùn, ó tètè ń gbiná, mi ò bá wọn dá sí i.

Nǹkan míì tí káfíńtà ò ní sọ fún yín: òrùlé ilé àtijọ́, jíjókòó ló jókòó sórí ògiri, ìwúwo ẹ̀ ló fi dúró. Páànù tuntun fúyẹ́, ìjì tó máa ń ṣáájú òjò oṣù kẹta oṣù kẹrin lè ṣí gbogbo ẹ̀ lọ sórí ilé aládùúgbò. Ìṣó tẹ́ ẹ bá kàn mọ́ amọ̀ lásán ò lè dì í mú. Ẹ lu ihò kékeré la ògiri já ní bí ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta sísàlẹ̀ òrùlé, ẹ fi irin kúkúrú dábùú ihò náà lódìkejì, ẹ so wáyà tó nípọn mọ́ ọn, ẹ fà á gòkè, ẹ dì í mọ́ igi òrùlé, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yí ilé ká, kí ìwúwo ògiri lè máa bá yín di òrùlé mú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé etí òrùlé kúrú. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyí láyé ìgbà yìí. Wọ́n á rí ilé kan lórí Instagram tí kò ní etí òrùlé rárá, tí wọ́n mọ ògiri yí òrùlé ká tí páànù fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á ní irú ẹ̀ làwọn fẹ́ ṣe sórí ilé amọ̀ bàbá wọn. Ilé bulọ́ọ̀kù lè gba ìyẹn. Ilé amọ̀ ò lè gbà á, etí òrùlé tó yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀, mẹ́ta, ni agbòòrùn ẹ̀ àti agbòjò ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti gé e kúrò ọjọ́ tí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ni yẹn, gọ́tà tẹ́ ẹ sì fi pamọ́ sáàárín òrùlé àti ògiri, ewé á dí i, omi á gbabẹ̀ bọ́ sínú ògiri látòkè délẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ títí yóò fi wó.

Síílìn ńkọ́? Tí ilé yín bá ní síílìn tó le, tó rí bí eérú láwọ̀, tí wọ́n sì fi sí i láàárín ọdún 1960 sí 1980 lọ́hùn-ún, ẹ gbà pé asbestos ni títí ẹnì kan yóò fi fi hàn yín pé kì í ṣe òun. Ojú ò lè dá a mọ̀. Òrùlé àwọn ilé kan náà jẹ́ asbestos oníwàá-wàà, pàápàá ilé ìjọba àtijọ́ àti ilé ẹ́sítéètì. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ pé gbogbo oríṣi asbestos ló ń fa kánsà, àìsàn ẹ̀ kì í sì í yọjú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fà á símú, ó lè tó ogún ọdún sí ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jáde, ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi máa ń fi hámà fọ́ ọ wàràwàrà tí wọ́n á ní kò ṣe àwọn ní nǹkan kan. Tí kò bá tíì fọ́, tí kò jò, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ kun ọ̀dà lé e, ewu ẹ̀ kéré bẹ́ẹ̀. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ yọ ọ́, ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò nílé, ẹ wọ ìbòmú FFP3, èyí tí wọ́n ń tà fún kòrónà lásán ò tó. Ẹ fi omi tẹ́ ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ wọ́n ọn kó rin gbingbin, ẹ yọ ìṣó níkọ̀ọ̀kan kí páálí ẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ lódindi, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má lu ihò sí i. Ẹ fi ọ̀rá tó nípọn wé e lọ́nà méjì, ẹ fi téèpù dè é, ẹ kọ ohun tó jẹ́ sára ẹ̀. Ẹ má gbálẹ̀ ní gbígbẹ lẹ́yìn ẹ̀, aṣọ tó tutù lẹ máa fi nu ún. Ẹ má sun ún, ẹ má sì kó o fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ilé adìyẹ. Èyí tó jẹ́ ti òrùlé, ẹ má gun orí ẹ̀ o, ó máa ń ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ lójijì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbabẹ̀ já bọ́ sínú yàrá.

Ó kan ìta ilé. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó ń já bọ́ látetí òrùlé ń gbẹ́ ilẹ̀, ó ń ta ẹrẹ̀ sára ògiri, ẹ lọ wo ìdí ilé yín, ẹ máa rí ibi tí ògiri ti jẹ wọnú bíi pé nǹkan gé e jẹ. Lóde ìlú, títì tí wọ́n ń da ọ̀dà títì lé ara wọn látọdúnmọ́dún ti ga ju ilé lọ, pàǹtírí àti iyẹ̀pẹ̀ ti kó jọ sídìí ògiri láti ayébáyé. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kó gbogbo iyẹ̀pẹ̀ yẹn kúrò, ilẹ̀ ìta gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán íǹṣì mẹ́fà rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Lẹ́yìn náà ẹ da kọnkéré yí ilé ká, kó fẹ̀ kọjá ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń kàn sí, kó rẹlẹ̀ síta ní bí íǹṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà méjì, kó dópin sínú gọ́tà tó ń ṣàn lọ síbì kan gidi, kì í ṣe sẹ́yìn ilé ìyá alákàrà. Kọnkéré yẹn, ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fà á gun ara ògiri. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa rẹ́ sìmẹ́ńtì líle sí ìdí ògiri dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì, wọ́n á ní àwọn ń dáàbò bò ó, omi tí ì bá gba ojú amọ̀ yẹn gbẹ jáde á wá máa gun òkè, àbàwọ́n tó wà ní orúnkún lọ́dún tó kọjá á wá di ti àyà.

Táìlì ara ògiri ìta náà, bákan náà ni. Ó ń dán, ó ń wu ojú, mo mọ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé bulọ́ọ̀kù.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ògiri fúnra ẹ̀, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Amọ̀ máa ń wú tó bá mu omi, ó máa ń sún kì tó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, líle ló le síbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí amọ̀ bá wú tó bá sún kì, ó ń yọ ara ẹ̀ kúrò lẹ́yìn pílásítà díẹ̀díẹ̀, títí pílásítà á fi dá dúró fúnra ẹ̀, òfìfo á wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ fi ìkúùkù kan ògiri yín káàkiri. Ibi tó bá dún gbọ̀ngbọ̀n, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ nìkan lẹ máa yọ, ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti hámà kékeré ṣe é jẹ́jẹ́, bíríkìlà tó bá gbé hámà ńlá wá, ẹ ní kó gbé e padà sínú ọkọ̀. Tí amọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bá gbẹ tó le, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Tó bá rọ̀, tó tutù, ẹ fi í sílẹ̀ lójú atẹ́gùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọyẹ́ dáa púpọ̀ fún èyí. Tí eku tàbí ikán bá ti gbẹ́ inú ẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹ kan ibi tó le.

Ihò ńlá, ẹ má fi bulọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì dí i. Bulọ́ọ̀kù àti amọ̀ ò ní mú ara wọn, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé á máa là títí láé. Amọ̀ lẹ máa fi dí amọ̀. Ẹ wa ilẹ̀ pupa, ẹ má lo èyí tó wà lókè tó ní gbòǹgbò àti ìdọ̀tí, ẹ wa jìn díẹ̀. Kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ó dáa, ẹ bù ú sínú ìgò tó ń hàn gbangba, kó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò, ẹ bu omi kún un, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e sílẹ̀ mọ́jú. Yanrìn á sùn sísàlẹ̀, èyí tó kúnná á wà láàárín, amọ̀ gan-an á wà lókè pátápátá. Tí amọ̀ tó wà lókè yẹn bá tó bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo iyẹ̀pẹ̀, ó dáa. Tó bá pọ̀ jùyẹn lọ, ó máa là, ẹ fi yanrìn odò kún un. Tó bá kéré jù, ó máa máa yangbẹ, á máa hó dànù. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, àwọn ọmọdé fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an, ẹ fi ewé tàbí ọ̀rá bò ó kó sùn fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ wọ́n omi sínú ihò ògiri kẹ́ ẹ tó tẹ amọ̀ sí i, ẹ má tẹ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lé ara wọn bí èyí tó wà nísàlẹ̀ bá ṣe ń le. Ihò tó bá jìn gan-an, ẹ kọ́kọ́ fi amọ̀ kan náà mọ bíríkì, ẹ sá a kó gbẹ pátápátá, ẹ wá fi amọ̀ tútù tò ó sínú ẹ̀.

Rírẹ́ ojú ẹ̀ wá ńkọ́? Nínú ilé, mo gbà yín níyànjú kẹ́ ẹ fi amọ̀ kan náà rẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ fi yanrìn kún un díẹ̀ sí i, ẹ rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì kó fẹ́lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lójú kan tí kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin lọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ, tó bá là ẹ fi yanrìn kún un, tó bá ń hó ẹ fi amọ̀ kún un. Àwọn ìyá wa máa ń fi ìgbẹ́ màlúù ra ilẹ̀ àti ògiri, ó ń mú ojú amọ̀ le, kì í là, òórùn ẹ̀ sì máa ń lọ tó bá ti gbẹ, ẹni tí ojú ń tì lè má ṣe é. Níta, tẹ́ ẹ bá ní sìmẹ́ńtì lẹ máa lò dandan, ẹ má jẹ́ kó le. Ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, láìmù ìkọ́lé (ẹ̀tù funfun ni, kì í ṣe èso) kan, yanrìn mẹ́fà. Bíríkìlà á bínú, á ní yanrìn ti pọ̀ jù, á fẹ́ po ọ̀kan sí mẹ́ta, ẹ má gbà fún un, bí sìmẹ́ńtì bá ṣe ń le sí i lórí amọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa tètè ṣí. Ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì gé ojú amọ̀ ní ṣákaṣàka, ẹ kan nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń sin adìyẹ mọ́ ọn pẹ̀lú ìṣó gígùn, àwọn míì máa ń fi ìdérí ìgò ẹlẹ́ridòdò sórí ìṣó kó lè di nẹ́ẹ̀tì mú, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wọ́n omi sí ògiri kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ.

Tó bá jẹ́ ilé Agùdà ni tiyín, irú èyí tí àwọn tó ti Brazil dé kọ́ sí Èkó ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún tí àwọn ìlú míì wá ń wò kọ́, ẹ tún rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òdòdó àti ìlà tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì yọ sókè fèrèsé àti ìdí òpó, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, kò sí ibi tí wọ́n ti ń tà á. Kẹ́ ẹ tó yọ èyí tó ti bàjẹ́, ẹ gbé páálí lé èyí tó ṣì dáa lára, ẹ fi bírò fa ìrísí ẹ̀, ẹ gé páànù pẹlẹbẹ bó ṣe rí, ẹ kàn án mọ́ pákó, pákó yẹn lẹ máa máa wọ́ lórí sìmẹ́ńtì tútù kó fi rí bíi ti àtijọ́. Kí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba ò tó láti dáàbò bò ó. Ilojo Bar, ilé Agùdà kan tó wà ní Tinubu Square l'Ékòó, ọdún 1956 ni ìjọba ti kéde ẹ̀ pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni, wọ́n wó o palẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2016.

Ojú ibi tó là. Èyí tó tín-ín-rín bí irun tó kàn wà lára pílásítà, kò sí wàhálà. Èyí tó bá gba igun fèrèsé tó dagun lọ sísàlẹ̀ tàbí sókè, ìpìlẹ̀ ló ń rì lápá kan, ẹ padà lọ wo ibi tómi ń kó jọ sí níta. Èyí tó bá nàró ṣánṣán níbi tí yàrá tuntun ti pàdé ilé àtijọ́, ńṣe ni wọn ò mú ara wọn látìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó là, ẹ fi nǹkan tó ń fà dí i kómi má baà gbabẹ̀ wọlé. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ìparí ibi tó là dé, ẹ kọ déètì sí i, ẹ wò ó títí òjò kan àti ọyẹ́ kan á fi kọjá. Tó bá ń gùn sí i, tàbí tí ìka yín ń wọ inú ẹ̀, tàbí tí ògiri ti yọ ikùn síta, ẹ gbé iṣẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ pe ẹnjiníà. Mi ò ṣeré o. Bákan náà, ẹ má fẹ fèrèsé torí pé ẹ fẹ́ fi sliding (fèrèsé onígíláàsì tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́) sí i láìkọ́kọ́ fi igi gbé òrùlé dúró, líńtẹ́ẹ̀lì tuntun (èyí tó dábùú orí fèrèsé) sì gbọ́dọ̀ jókòó ó kéré tán ní íǹṣì mẹ́sàn-án lọ́tùn-ún lósì torí amọ̀ ò lágbára tó bulọ́ọ̀kù. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ da dẹ́kìn lé ilé amọ̀ lórí kẹ́ ẹ fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má bá a jiyàn, ẹ kàn má ṣe é.

Ìgbà tí gbogbo eléyìí bá parí lọ̀dà kàn. Ògiri gbọ́dọ̀ ti gbẹ. Ẹ gé ọ̀rá tó ń hàn gbangba ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ fi téèpù lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ pa mọ́ ògiri lálẹ́, tó bá di àárọ̀ tí omi wà lẹ́yìn ẹ̀, kò tíì yá. Emulsion (ọ̀dà olómi) lẹ máa lò, ẹ má lo ọ̀dà olóròóró lára ògiri amọ̀, ó máa ń dí ojú ẹ̀ pa, ẹ máa rí i tó lé ròrò bí awọ ara tí iná jó. Ẹ̀tù iyọ̀ yẹn, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ lẹ máa fi gbá a kúrò, tẹ́ ẹ bá fomi fọ̀ ọ́ á padà wọnú ògiri. Ọ̀dà àtijọ́ tó ń ṣí, ẹ wọ́n omi sí i kẹ́ ẹ tó ha á, òjé pọ̀ nínú ọ̀dà ìgbà yẹn, eruku ẹ̀ ò dáa fún ọmọdé rárá.

Iná ni mo fi sẹ́yìn torí ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n ara yín. Pípààrọ̀ bọ́ọ̀lù iná, súwíìsì, sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ lè ṣe é. Ẹ pa iná láti mítà, ẹ yọ fíúsì, ẹ fi sápò ara yín, ẹ wo jẹnẹrétọ̀ àti íńfátà pẹ̀lú torí ilé tí ò bá ní changeover gidi (súwíìsì tó ń yí ilé láti orí iná kan sí òmíì), ẹ lè pa NEPA kí íńfátà ṣì máa gbé iná wá, ẹ fi tẹ́sítà dán gbogbo wáyà wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má gbọ́kàn lé àwọ̀ wáyà. Láyé àtijọ́ pupa ni iná wà nínú ẹ̀, dúdú ni neutral (èyí tí iná ń gbà padà), ewé ni éàtì (èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀), tìsinyìí bíráwùn ni iná, búlúù ni neutral, ewé àti yẹ́lò ni éàtì, ilé tí wọ́n ti fi kún wáyà ẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin á ní gbogbo ẹ̀ pọ̀, tí ẹlòmíì sì ti fi dúdú so iná. Wáyà onírọ́bà tí wọ́n fi kílíìpù kàn mọ́ pákó lára ògiri, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ tí ara ẹ̀ ń fọ́, kò sí àtúnṣe níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa kúrò, ẹ pe oníná tó ní ìwé. Ohun tẹ́ ẹ máa bi í ni bóyá ó fẹ́ lo 1.5mm fún iná bọ́ọ̀lù, 2.5mm fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4mm sókè fún AC àti ẹ̀rọ tó ń gbóná omi, àti ibi tó fẹ́ ri éàtì sí. Tó bá ní éàtì ò pọn dandan, ẹ wá ẹlòmíì. Ẹ má jẹ́ kó gé ògiri amọ̀ ní kòtò kiri torí wáyà, páìpù ojú ògiri dáa, kò rẹwà tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n kì í gé ògiri sí méjì. Tó bá parí, ẹ ní kó ya àwòrán ibi tí gbogbo wáyà gbà, èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ náà, kí pọ́lọ́ḿbà ya ti páìpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìlẹ̀kùn bọ́ọ̀dù iná, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù ẹni méjì ó kéré tán nínú ẹbí.